Ọwọ́ Ta Ló Kan Ẹṣin Bàbá Àgbà?

Nígbà tí mo kéré débi pé mo lè gba abẹ́ ikùn ẹṣin kọjá láì tẹrí ba, èmi ni mo máa ń tún ara ẹṣin bàbá àgbà mi ṣe ní Kàbà. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé kí ló pa ọmọbìnrin àti ẹṣin pọ̀. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá àgbà, bèèrè bẹ́ẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹṣin yẹn kì í fara balẹ̀ fún ọkùnrin kankan nínú ilé wa. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá ti dé abẹ́ ikùn rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò gbéra. Lọ́wọ́ tèmi, yóò yí etí kan sí ọ̀dọ̀ mi, bí ẹni tí ó ń fura ṣùgbọ́n tí ó fẹ́ fún mi láàyè, yóò sì dúró.

Ìfura kò ṣàjèjì nínú ilé wa. Ẹṣin kì í pẹ́ ní ilẹ̀ Okun; eṣinṣin inú igbó tí ń mu ẹ̀jẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n dàgbà. Èyí tí bàbá àgbà kọ́kọ́ ní ti kú kí n tó gbọ́njú, kò sì sí ẹnì kan nínú ilé tó gbà pé eṣinṣin ló pa á. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, nǹkan kì í ṣàdédé ṣẹlẹ̀. Bí ìkòkò bá fọ́, ẹnì kan ló wò ó lójú burúkú. Nítorí náà, nígbà tí ẹṣin kejì dé, ẹṣin pupa tí ó ní àmì funfun bí ewé ní iwájú orí, gbogbo ilé ló ń ṣọ́ ọ, gbogbo ilé ló sì ń ṣọ́ ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa irun fún yín, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìyá mi a máa di irun fún àwọn obìnrin ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Irun tó bá já sórí òòyà kì í sùn sílẹ̀. Onírun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣà á, yóò ká a bí òwú, yóò sì lọ sun ún tàbí kí ó rì í mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ní irun rẹ lọ́wọ́, ó ní ìwọ náà lọ́wọ́. Bàbá àgbà, tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, mú òfin yìí kúrò lórí ènìyàn, ó fi lé orí ẹṣin. Gbogbo irun tí mo bá ya kúrò lára ẹṣin, inú igbá olómorí kan ni mo ń kó o sí, lójú bàbá àgbà fúnra rẹ̀ ni mo sì ń dà á sínú iná. Bí ẹyọ kan bá fò lọ, màá sáré lé e.

Nípa àwọn búrọ́ọ̀ṣì wọ̀nyẹn, bí ẹ bá jókòó tì mí títí di ọ̀la, n kò ní sọ ọ́ tán. Ohun tí a kọ́kọ́ ń lò kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì rárá, ṣùkù àgbàdo gbígbẹ ni, tí a fi ń họ ẹrẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ ẹsẹ̀ àti ìdí. Ṣùkù tí ó ti gbẹ jù yóò gún ẹran. Èyí tí ó tutù yóò kàn fọ́ sí ọ ní ọwọ́ ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni búrọ́ọ̀ṣì líle, tí wọ́n fi fọ́nrán èèpo àgbọn ṣe. Èyí kì í dé ojú, kì í sì í dé ibi tí egungun bá ti yọ. O kò gbọdọ̀ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹṣin bí ẹni ń fọ ìkòkò: ọrùn ọwọ́ ni kí o fi ju búrọ́ọ̀ṣì, kí eruku lè fò sókè. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ló kẹ́yìn, èyí tó ń mú kí ara dán. Apá òsì ọrùn ni a ti máa ń bẹ̀rẹ̀, a ó tọ ibi tí irun kọjú sí, dé èjìká, dé ẹ̀gbẹ́, dé ibi tí a ń so gàárì sí, kí a tó yí lọ sí apá ọ̀tún. Ìrù kì í rí búrọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ lásán ni a fi ń tú u, òòyà onígi eléyín gbọọrọ sì tẹ̀lé e, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, nítorí pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè yóò fa irun já, ẹṣin yóò sì rántí rẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ yẹn kan ṣoṣo ni a ní. Ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ẹṣin fún àwọn òyìnbó ní Lọ́kọ́ja ló fi ta bàbá àgbà lọ́rẹ. Bàbá Kékeré, tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, kò fọwọ́ kàn án rí. Ó gbọ́ pé irun ẹlẹ́dẹ̀ ni òyìnbó fi ń ṣe irú rẹ̀. Ó ní kí n fa ẹyọ kan yọ, kí n fi iná sí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní irun ẹranko ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ẹranko wo? Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbé e kọjá, yóò ká aṣọ rẹ̀ mọ́ra.

Bí a ṣe ń dán búrọ́ọ̀ṣì wò nìyí, ẹ fi sọ́kàn. O kò gbọdọ̀ fi ojú yàn án. Kọ́kọ́ gbóòórùn ìdí rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, fi sílẹ̀. Wo ojú igi rẹ̀, bóyá ó ti lanu, nítorí inú ibi tó lanu ni ìdọ̀tí ń gbé. Lẹ́yìn náà, fà á lẹ́ẹ̀kan ní inú ọrùn ọwọ́ rẹ, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́ jù. Bí ó bá ta ọ́, yóò ta ẹṣin. Bàbá àgbà kò jẹ́ kí n fi búrọ́ọ̀ṣì kan ẹṣin láàárọ̀ kankan láì kọ́kọ́ fà á sí ọrùn ọwọ́ òsì mi, nítorí ó ní bí a bá sùn láìsí nǹkan kan, ta ló mọ ohun tí ẹnì kan lè fi sínú búrọ́ọ̀ṣì mọ́jú?

Ènìyàn kan ṣoṣo ni bàbá àgbà yọ̀ǹda irun ẹṣin fún. Àgbàlagbà kan ni, Tápà láti òdìkejì odò, tí ó ti ń gbé yàrá tó kángun sí ẹnu ọ̀nà wa kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ó ń ta gòjé. Irun ìrù ẹṣin ni wọ́n fi ń ṣe okùn gòjé àti ti ọ̀pá tí wọ́n fi ń fà á, nítorí náà yóò wá jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, yóò máa gba àwọn tó bá gùn lọ́wọ́ mi, yóò na ọ̀kọ̀ọ̀kan sí oòrùn, yóò fi eyín tọ́ ọ wò. Bí ó bá rí èyí tó dára yóò ní, “Èyí yóò sunkún dáadáa.” Kò ní ọmọ, kò ní ará. Yàrá yẹn ni gbogbo ohun tó ní láyé.

Àwọn ará ilé kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ rántí pé orí ẹṣin ni àwọn jagunjagun Tápà wà nígbà tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú. Ìyá bàbá àgbà fi ojú ara rẹ̀ rí i. Kí Tápà kan tún wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin wa, kí ó máa kó irun rẹ̀ lọ sí yàrá, kí ó ti ilẹ̀kùn! Wọn kò sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n bí ó bá kí wọn pé “Okun o,” ìdáhùn wọn máa ń pẹ́ kí ó tó jáde.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ọkọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin fẹ́ jẹ oyè ní Iffe, ìlú kan nítòsí Kàbà, ó sì ní ẹṣin tirẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí bàbá àgbà pé kí wọ́n dákun yá òun ní búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ yẹn, kí ẹṣin òun lè dán lọ́jọ́ náà. Ta ni yóò fi nǹkan du àna? Búrọ́ọ̀ṣì lọ. Nígbà tó padà dé, iṣu ńlá àti ìgò oyin bá a dé. Gbogbo wa yin àna. Mo fà á sí ọrùn ọwọ́ mi, ó rọ̀ bí tẹ́lẹ̀, mo sì bá iṣẹ́ mi lọ.

Kò pẹ́ sí i ni irun bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ ní apá òsì ọrùn ẹṣin. Àmì roboto kan ni, bí ojú owó kọ́bọ̀, tí etí rẹ̀ ń ṣe èépá funfun. Òmíràn yọ ní èjìká. Lẹ́yìn náà ní ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn náà ní ibi okùn gàárì. Ọjọ́ ọdún tí àwọn ìjòyè bíi bàbá àgbà máa ń gun ẹṣin lọ kí ọba sì ti ń sún mọ́lé.

Bàbá Kékeré kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n pe bàbá onígòjé jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú gbogbo ilé. Mọ́ṣáláṣí kan náà ni òun àti Bàbá Kékeré ń lọ, wọ́n sì ti jọ dúró lórí ìlà kan láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an.

Bàbá Kékeré ní, “Irun ẹṣin wa tí o ń kó láti ọjọ́ pípẹ́ wá, kí lo fi ń ṣe?”

Ó ní gòjé ni.

“Gòjé mélòó? Ọkùnrin kan, gòjé kan. Àwa náà ní orí, a kì í jẹ koríko bí ẹṣin.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Bàbá onígòjé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní irun ń já, ó ń gbó, kò sí èyí tó ń pẹ́. Wọ́n ní kí ó kó èyí tó kù wá. Ó wọlé, ó kó ìdì kan jáde tí a fi ewé di, ó gbé e síwájú bàbá àgbà. Wọ́n ní ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí. Ó tún wọlé, ó gbé gòjé fúnra rẹ̀ jáde, ó fa ọ̀bẹ kékeré yọ, ó gé okùn rẹ̀, ó gé irun ara ọ̀pá náà, ó sì kó o lé orí ìdì yẹn.

Ó ní, “Gbogbo rẹ̀ nìyí, Bàbá. Kò sí irun ẹṣin yín lọ́dọ̀ mi mọ́.”

Wọ́n sun gbogbo rẹ̀. Ilé rùn títí di ìrọ̀lẹ́. Bàbá Kékeré wá sọ ohun tí gbogbo wọn ti ń rò: bí ara ẹṣin kò bá yá kí ọdún tó dé, kí àlejò padà sí òdìkejì odò rẹ̀. Bàbá àgbà wo ilẹ̀. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ wá wo nǹkan. A ti sun irun, ẹni tí a fura sí kò sún mọ́ ẹṣin mọ́, síbẹ̀ àmì náà ń pọ̀. Bàbá àgbà ní bóyá ìdọ̀tí ni, kí n máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ yà á láàárọ̀, kí n tún yà á lọ́sàn-án. Bí mo ṣe ń yà á tó ni ó ṣe ń burú tó. Ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Bàbá Kékeré ní kò yani lẹ́nu, ohun tí Tápà bá ti fi sílẹ̀ kò nílò ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bàbá onígòjé ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀. N kò gbọ́ ohùn gòjé láti yàrá yẹn mọ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà sì burú ju igbe lọ.

Ìyá mi ló tú u. Kì í ṣe pé ó tilẹ̀ ń wá a. Mo jókòó sáàárín itan rẹ̀, ó ń di irun mi, mo na ọwọ́ gbé òòyà fún un, ó sì gbá ọwọ́ mi mú. Ní inú ọrùn ọwọ́ òsì mi, àmì roboto kan wà níbẹ̀, etí rẹ̀ funfun.

Ó ní, “Kí ló ń kan ibí yìí lójoojúmọ́?”

Mo ní búrọ́ọ̀ṣì ni.

Ó mú òòyà rẹ̀ kúrò ní orí mi bí ẹni pé ejò wà níbẹ̀. “Làpálàpá nìyí. Orí ọmọ tó bá ní in, n kì í fi òòyà mi kàn án, nítorí òòyà ló ń gbé e kiri. Níbo ni búrọ́ọ̀ṣì yẹn lọ?”

Ó mú mi lọ bá bàbá àgbà. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n dákun, kí wọ́n wo ọwọ́ ọmọ yìí, kí wọ́n sì wo ẹṣin. Gbogbo ibi tí búrọ́ọ̀ṣì gbà ni àmì wà, láti apá òsì ọrùn tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrù, tí bàbá onígòjé ń gba irun rẹ̀, kò ní àmì kan. Ìrù kì í rí búrọ́ọ̀ṣì.

Bàbá àgbà gbá ọwọ́ mi mú, ó wò ó, ó sì wo ọrùn ẹṣin. Ẹ̀yin kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le fún un. Láti fura sí Tápà, kò ná an ní nǹkan kan. Láti fura sí àna tí ó gbé iṣu àti oyin wá, ìyẹn lè tú ilé ká. Ó tilẹ̀ wo ìyá mi bíi pé ó fẹ́ mọ ẹni tó rán an. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ó wọ agbádá, ó ní òun fẹ́ lọ kí olóyè tuntun, ó sì mú mi dání lọ sí Iffe.

Àna dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nígbà tó rí wa. Kò sí ẹni tó dárúkọ búrọ́ọ̀ṣì. A jẹ, a mu, wọ́n bèèrè oko, wọ́n bèèrè òjò. Bí a ti fẹ́ máa lọ ni bàbá àgbà ní ọmọ yìí fẹ́ràn ẹṣin, kí ó rí tiyín kí a tó lọ. Mo sì rí i. Irun tuntun ń hù ní ojú àwọn àmì roboto, ní ọrùn, ní èjìká, ní ẹ̀gbẹ́.

Àna rẹ́rìn-ín. “Ẹ má dá a lóhùn, Bàbá. Làpálàpá ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ó ti wà lára rẹ̀ kí n tó jẹ oyè. Búrọ́ọ̀ṣì yín ló bá mi họ èépá rẹ̀ kúrò, ó rọ̀, kò dùn ún rárá.”

Ó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọkàn rẹ̀ mọ́. Bàbá àgbà ní kò tọ́pẹ́. A dé ojú ọ̀nà kí ó tó tún sọ̀rọ̀, ohun kan ṣoṣo ni ó sì sọ: “Irun ni mo ń ṣọ́.”

A sun búrọ́ọ̀ṣì náà, tòun ti igi rẹ̀. Bàbá Kékeré ní òun ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ohun burúkú ni. Kò sọ irú burúkú tí òun ní lọ́kàn. Ìyá mi gún ewé asùnwọ̀n mọ́ ọṣẹ dúdú, ó fi ra ọwọ́ mi, èmi náà fi ra ẹṣin, pẹ̀lú àkísà tí a ń sun lẹ́yìn rẹ̀. Ó jinná, ṣùgbọ́n kò jinná kí ọdún tó dé. Ẹsẹ̀ ni bàbá àgbà fi rìn lọ kí ọba ní ọdún yẹn, láàárín àwọn tó gun ẹṣin, bí ẹnì kan bá sì bi í léèrè, yóò ní òun fẹ́ na ẹsẹ̀ ni.

Kí ó tó lọ sí ààfin, ó ti lọ sí ẹnu ọ̀nà bàbá onígòjé. Èmi ni mo gbé irun náà tẹ̀lé e: irun ìrù tó gùn jù, tí mo fọ̀, tí mo yà, tí mo so ní ìdí. Ẹrù dídì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bàbá àgbà ní kí ó tú u. Ó ní yàrá rẹ̀ ni, títí ayé. Ó ní àwọn ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ yẹn. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí ṣáájú ìgbà náà, n kò sì gbọ́ ọ mọ́.

Bàbá onígòjé gbọ́ ọ tán. Ó tú ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò na ọwọ́ gba irun náà. Ó ní kí n gbé e padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí wọ́n ti bi í léèrè. Ó tẹ̀lé mi dé ibẹ̀, ó dúró ní àárín, ó sì ké sí gbogbo ilé pé, “Ẹ wá wò ó o. Mo fẹ́ mú irun ẹṣin yín.” Ó dúró títí Bàbá Kékeré fi jáde. Ìgbà náà ló tó gbà á. Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ní gbogbo ìgbà, títí ó fi kú nínú yàrá yẹn: kì í gba ẹyọ irun kan láì kọ́kọ́ pe ẹlẹ́rìí. Àwọn kan ní ó ń fi wá ṣẹ̀sín. Èmi rò pé ó ń bẹ̀rù wa ni.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹṣin kò sí ní ilé wa mọ́. Ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé síbi tí a ń so ó mọ́. Mo máa ń rí i ní ṣọ́ọ̀bù onírun, irun ènìyàn mẹ́wàá dàpọ̀ nílẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ń fi ìgbálẹ̀ gbá a lọ, kò sí ẹni tó bojú wẹ̀yìn. Òòyà kan náà sì ń ti orí bọ́ sí orí, ẹ̀rọ ìfárí kan náà. Ẹ̀rù òòyà ń bà mí ju ti irun lọ, ẹ ó rí i tí mo máa ń gbé tèmi dání, ẹ ó sì máa rẹ́rìn-ín. Ìfura kò kúrò nílẹ̀ ní tirẹ̀. Orí fóònù ni ó kó lọ, mo sì ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń fi àwòrán àlejò ránṣẹ́ síra yín pé ẹ ṣọ́ra fún un.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ mi kan tó ń kọ́ ẹṣin gígùn ní Kàdúná ra búrọ́ọ̀ṣì ẹṣin wá fi hàn mí, tuntun, nínú ọ̀rá. Mo gbóòórùn rẹ̀. Mo wo ojú igi rẹ̀. Mo fà á ní inú ọrùn ọwọ́ òsì mi, ó sì dára. Mo bi í pé ta ni yóò máa yá ní búrọ́ọ̀ṣì náà. Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi nìkan ni, Ìyá àgbà, ọmọlúàbí ni.” Mo ní kí ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní irun ìrù, bí ó bá fẹ́, kí ó fún un ní gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kí búrọ́ọ̀ṣì dúró sílé.